Ṣé dandan ni kí a dáná sun fóòmù ọmọ tó kó kúrúnà wálé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi tó wà ní bọ́ọ̀dìn kó kúrúnà wálé nígbà ìsinmi. Wọ́n fún un ní ìpara nílé ìwòsàn, ó lò ó, a rò pé ó ti tán, àfi bí àbúrò rẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í họra lóru. Ìyá ọkọ mi ní kí n dáná sun fóòmù àti gbogbo aṣọ tó kó bọ̀. Òkìrìkà ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé inú ẹrù mi ni kòkòrò náà ti jáde. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Oníṣòwò, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹ má sun nǹkan kan. Owó fóòmù lóde òní ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń fi iná jó nítorí kúrúnà.

Ara èèyàn ni kòkòrò yìí ń gbé. Abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, á sì yé ẹyin síbẹ̀. Tó bá já bọ́ sórí aṣọ, kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò, kò sì rí nǹkan jẹ. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ó ti kú. Ẹni tó ní kúrúnà kì í sábà ní ju kòkòrò 10 sí 15 lọ lára, nítorí náà ìwọ̀nba ló ń já sórí ẹní. Ìfarakanra tó pẹ́ ló ń ràn án jù: àwọn ọmọ tó ń sùn pọ̀, ìyá tó ń pọn ọmọ, tọkọtaya.

Ẹni tí kò ní i rí lè gbé e sára fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò ti kó o nígbà tí ẹ̀gbọ́n nìkan ń para. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé yín ni kó para lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ìyá ọkọ yín pẹ̀lú, bí ara wọn kò tilẹ̀ yún wọn. Bó bá jẹ́ permethrin ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n fún yín, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni (ti ọmọ kékeré àti arúgbó, ẹ fi kan orí pẹ̀lú): àárín ìka, abẹ́ èékánná, ìdodo, abẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà lára fún wákàtí 8 sí 14 kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe, torí àwọn ẹyin. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 ní láti rí dókítà kí wọ́n tó fi ohunkóhun para.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò ni ọ̀rọ̀ aṣọ kàn. Bí ẹ bá ti fọ aṣọ ṣáájú kí ẹ tó para, iṣẹ́ òfo ni. Ẹ kó gbogbo ohun tó kan ara láàárín ọjọ́ 3 sẹ́yìn: aṣọ àwọ̀sùn, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ìrọ̀rí, táwẹ̀lì, ọ̀já tí ẹ fi ń pọn ọmọ. Ọ̀já yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ooru tó tó ìwọ̀n 50 (50°C) máa ń pa kòkòrò náà ní ìṣẹ́jú 10, ìyẹn omi tó gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà dúró nínú rẹ̀. Ẹ da á sórí aṣọ nínú bésìnnì, ẹ bò ó, kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ sì lọ̀ ọ́. Bí kò bá sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú dára, kó sáà dé ojú rírán dáadáa.

Léèsì, bàtà, bàgì iléèwé àti ohun tí omi gbígbóná lè bà jẹ́, inú ọ̀rá ni kí ẹ dì wọ́n sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ 3 lè tó, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa ń sọ, pàápàá lásìkò òjò, torí ibi tútù tó ní ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí kòkòrò náà pẹ́ díẹ̀ sí i. Fóòmù, ẹ gbé e sóòrùn, kí ẹnikẹ́ni má sùn lé e fún ọjọ́ 3. Àga pálọ̀, ẹ gbá a, ẹ nù ún. Ẹ má náwó lórí oògùn fífọ́n sínú ilé.

Ọ̀rọ̀ òkìrìkà yín ńkọ́? Aṣọ tó ti wà nínú bélì lórí omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gbé kúrúnà láàyè dé Àkúrẹ́. Làpálàpá ni mo bẹ̀rù nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fà á lè pẹ́ lára aṣọ. Ẹ ṣáà máa fọ èyí tí ẹ bá mú wọ̀.

Ibì kan wà tí aṣọ àti àga ti léwu gidi: arúgbó tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, tí awọ rẹ̀ nípọn tó ń sé èépá. Kòkòrò ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ara lè máa yún wọn fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, ẹ má torí ìyẹn máa para lójoojúmọ́, ẹ má sì fi kẹrosíìnì tàbí Izal pa ọmọ lára. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 4, tàbí tí ẹ rí ọyún, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kí ọmọ tó padà sí bọ́ọ̀dìn, ẹ pe alábòójútó họ́sítẹ́lì wọn, kí wọ́n tọ́jú àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá náà.