Èsì: Nínú bílíádì three-cushion, kí ló dé tí wọ́n fi ń yin ẹni tí average rẹ̀ (iye pọ́ìǹtì tó ń gbà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dìde gbá) kò ju 2 lọ?

Ẹ̀gbọ́n, 2 yẹn kì í ṣe kékeré o! Nínú bílíádì yìí, tábìlì kò ní ihò. Bọ́ọ̀lù yín gbọ́dọ̀ kan etí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán, kó tó kan ìkejì nínú bọ́ọ̀lù méjì yòókù. Tí ẹ bá ṣe é yọrí, pọ́ìǹtì 1 péré, ẹ tún gbá. Ó tàsé, ẹ lọ jókòó. Ẹni tó gba pọ́ìǹtì 40 nígbà tó dìde gbá lẹ́ẹ̀mejìlélógún, average rẹ̀ kò tilẹ̀ pé 2. Ní kíláàbù tiwa, ẹni tó bá rí 0.500 ti ń yan fanda. Ẹ wá wo àwọn ọ̀gá eré yìí, Dick Jaspers ará Netherlands tàbí Torbjörn Blomdahl ará Sweden, ẹ máa wo ibi tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù sí fún alátakò nígbà tí wọ́n bá tàsé.