Ewé tuntun kọ́ ni jọ́nà nánò ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí, ẹ̀ka kẹ́mísírì. Ewé ewúro ni mo fi ṣe èérún fàdákà oníwọ̀n nánò (èyí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i), mo dán an wò lára oríṣi bakitéríà mẹ́rin, ó sì pa gbogbo wọn. Jọ́nà ìwádìí mẹ́ta ló ti dá pépà mi padà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó tilẹ̀ gbé e fún aṣàyẹ̀wò. Ní báyìí, jọ́nà kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kọ̀wé sí mi pé bí mo bá san 350 dọ́là, àwọn á gbà á láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kí ni àwọn jọ́nà nánò ń wá gan-an? Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n lọ wá ewé mìíràn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san owó yẹn, má sì pààrọ̀ ewé. Ewé kọ́ ló ń bá ọ jà.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ láàbù, mo máa ń ka pépà fún àwọn jọ́nà kí wọ́n tó gbà á, irú tìrẹ yìí kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ mi. Lánàá ewé móríńgà ni, lónìí gúáfà, lọ́la èèpo ọsàn. Orúkọ ewé nìkan ló ń yí padà. Omi tí kò láwọ̀ á di àwọ̀ tíì, ìlà UV-Vis (ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi náà gbà mì) á ga níbi 400 sí 450 nánòmítà, XRD (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò) á jẹ́rìí pé fàdákà ni lóòótọ́, bakitéríà á kú nínú abọ́, ó tán. Olóòtú tó ti rí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ kò ní da aṣàyẹ̀wò láàmú mọ́. Àkọlé nìkan ló máa kà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ní 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, gbé pépà jáde lórí èérún fàdákà tí wọ́n fi òwú aláǹtakùn ṣe, wọ́n sì gbé òmíràn jáde lórí èyí tí wọ́n fi èèpo ìta obì gbànja ṣe. Ti gbànja yẹn ni kí o wò dáadáa. Wọn ò dúró síbi "ó pa bakitéríà". Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà ilé, wọ́n wò ó bóyá kòkòrò àìfojúrí yóò lè hù nínú ọ̀dà náà. Ẹni tó bá ti gbé inú yàrá tí ògiri rẹ̀ ń dúdú tó sì ń bu lásìkò òjò mọ̀ pé ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń wá tí o bèèrè, mo lè to orúkọ rẹ̀ fún ọ, àmọ́ orúkọ nìkan á ṣì ọ́ lọ́nà. Kókó ìwádìí máa ń dàgbà bí ọmọ. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, "a ti rí i" ti tó. Bó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á ní kí lo fẹ́ fi ṣe. Bó bá dàgbà tán, wọ́n á bèèrè pé ṣé ó ṣeé ṣe lọ́pọ̀, ṣé ó máa pẹ́, ṣé kò ní pa ẹni tó ń lò ó. Wo graphene. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Manchester fi sẹ́lótéèpù bó graphite, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, títí ó fi ku ìpele átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Èyí gbé wọn wọ jọ́nà Science, ó sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2010. Gbé graphene lọ bá olóòtú lónìí, á bi ọ́ bóyá èyí tí o ṣe lọ́jọ́ Ajé bá ti ọjọ́ Jímọ̀ mu. MXene, ohun pẹlẹbẹ tín-ín-rín bíi graphene, tí wọ́n ṣàwárí ní yunifásítì Drexel ní 2011, kéré sí i lọ́jọ́ orí, ọ̀pọ̀ ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Èérún ọ̀rá tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA ti COVID wọ ara wa ti kúrò lọ́mọdé pátápátá: inú ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń sáré lọ bí wọ́n bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pépà fi ń wá bí wọ́n ṣe máa darí rẹ̀ síbòmíràn. Quantum dot, èérún tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá yí padà, gba Nobel ní 2023. Cadmium ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, májèlé sì ni, ohun tí wọ́n ń wá kiri nísinsìnyí ni èyí tí kò ní cadmium.

Èérún fàdákà ti dàgbà ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Pépà rẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kìíní tí èmi máa bi ọ́ rèé: ta ló pa bakitéríà náà? Silver nitrate, iyọ̀ fàdákà tí o fi bẹ̀rẹ̀, ń pa bakitéríà fúnra rẹ̀. Ewúro náà ní agbára tirẹ̀ níwọ̀nba. Bí kò bá sí abọ́ tí o kán silver nitrate nìkan sí, tí ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ bá ti èérún rẹ mu, àti abọ́ tí o kán omi ewúro nìkan sí, a ò mọ nǹkan kan. Iye pépà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ mi nítorí abọ́ méjì yìí, n kò lè kà á tán. Kò sì wọ́n rárá.

Ìkejì ni ewúro fúnra rẹ̀. Ṣé èyí tí o já nígbà òjò ń ṣe èérún kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀ẹ̀rùn? Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì kọ gbogbo ìwọ̀n tó bá jáde, kódà èyí tí kò dùn mọ́ ọ. Gbé ìgò kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí o tún wọ̀n ọ́n. Bó o bá rí TEM, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán èérún kọ̀ọ̀kan, lò, ó dára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí South Africa. Má kàn fi nọ́ńbà DLS, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn èérún nínú omi, dípò TEM, nítorí DLS ń ka omi àti ohun tó lẹ̀ mọ́ èérún mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ sì sábà máa ń tóbi jù. Bákan náà, má sọ pé FTIR, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wo irú ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù tó wà nínú nǹkan, fi hàn pé flavonoid, irú èròjà kan nínú ewé, ló ṣe iṣẹ́ náà. FTIR kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́.

Ó ku ti owó. Sísan owó fúnra rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì, ọ̀pọ̀ jọ́nà gidi tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àmọ́ kí wọ́n tó ka iṣẹ́ rẹ ni àwọn tó kọ̀wé sí ọ yẹn ti ṣèlérí. Aṣàyẹ̀wò wo ló ń ka pépà tán láàárín ọjọ́ márùn-ún? Lọ wá orúkọ wọn lórí Scopus àti DOAJ, àwọn àkójọ jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, fúnra rẹ, má tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí àwọn kan máa ń jí orúkọ jọ́nà gidi lò. Má sì jẹ́ kí orúkọ ńlá dá ọ lójú jù: ní 2023, ó ju 8,000 pépà lọ tí Hindawi, ilé tó ń tẹ jọ́nà jáde, fà sẹ́yìn, ilé ìtẹ̀wé ńlá Wiley ló sì ni ín.

Bí owó kò bá sí, Beilstein Journal of Nanotechnology kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àjọ Beilstein ní Jámánì ló ń san án. Nanotechnology, jọ́nà ti IOP (ilé ìtẹ̀wé àwọn onímọ̀ físíìsì ní Britain), tó ti wà láti 1990, kò ní bèèrè owó bí o kò bá ní kó wà ní ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Nature Nanotechnology, jọ́nà tó ṣòro wọ̀ gan-an, fi sílẹ̀ ná.

Pààrọ̀ àkọlé pẹ̀lú. Èyí tó ní "green synthesis", "characterization" àti "antibacterial activity" nínú ìlà kan ti gbó. Fi ìbéèrè rẹ ṣe àkọlé.

Ti silver nitrate yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kò gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ewúro rẹ kò borí rẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Irú rẹ̀ ni n kì í sábà rí, mo sì máa ń kà á dópin.