Ṣé Ohun Abẹ̀mí Ni Iná?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kó pín àwọn nǹkan kan sí ohun abẹ̀mí àti ohun aláìlẹ́mìí. Ó kọ iná sábẹ́ ohun abẹ̀mí, wọ́n sì fi báírò pupa fagi lé e. Inú bí i gan-an. Ó ní, "Màámi, iná ń jẹun, ó ń mí, ó ń rìn, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, ó sì ń kú. Kí ló tún kù?" Mo wá èsì tì. Ó wá tún béèrè pé bí iná ò bá lẹ́mìí, ṣé ohun líle ni, àbí ohun olómi, àbí gáàsì? Bàbá rẹ̀ ní gáàsì ni, èmi ní kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ tí yóò fi yé e?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí i. Ọmọ tó wo iná, tó sì ka àmì ẹ̀mí mọ́ ọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ṣe ohun tí mo máa ń bẹ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ṣe: ó wò, ó rò, ó sì sọ ìdí. Pé èsì rẹ̀ kò tọ́ kò dín iyì iṣẹ́ yẹn kù.

Èdè wa gan-an ló kọ́kọ́ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ iléèwé. À ń sọ pé iná ń jẹ igbó lọ, pé ahọ́n iná ń lá ògiri, pé iná ti kú. Ọmọ tó ń gbọ́ "iná kú" láti kékeré, kí ni kò ní jẹ́ kó rò pé ohun tó kú ti wà láàyè rí?

Àwa olùkọ́ máa ń ka àmì méje fún àwọn ọmọ. Ohun abẹ̀mí a máa jẹun, a máa mí, a máa yí ipò padà, a máa dàgbà, a máa bí irú ara rẹ̀, nǹkan a máa ta á lára, a sì máa yọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ síta. Àmì wúlò, ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ẹ̀mí. Ìbaaka, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin jọ bí, kì í sábà bímọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò sí láàyè. Mọ́tò ń mu epo, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń tu èéfín, ó ń sáré, kò lẹ́mìí. Tí ẹ bá po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná títí tí kò fi yòrò mọ́, tí ẹ sì so òwú kan rọ̀ sínú rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹ ó rí èérún iyọ̀ tó ń tóbi sí i lára òwú náà. Ìyẹn náà ń dàgbà lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ ọmọ yín ni "Báwo ló ṣe ń ṣe é?" "Ṣé ó ń ṣe é?" nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ bíbí, torí àwọn àgbà ti bá wa dáhùn ìyẹn. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú òwe yẹn. Ọmọ tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò jẹ́, ilẹ̀ yòówù kó wà, torí pé inú ara ìyá rẹ̀ ló ti gba àṣẹ bí yóò ṣe rí. Ẹ wá fi iná àbẹ́là tan sítóòfù gáàsì. Ti àbẹ́là pọ́n bí òdòdó, èyí tó jáde lójú sítóòfù sì jẹ́ búlúù. "Ọmọ" yìí kò jogún ohunkóhun lára "ìyá" tó tàn án. Ohun tó ń jó níbẹ̀ ló sọ bí yóò ṣe rí. Iná a máa ràn, ṣùgbọ́n kì í bí irú ara rẹ̀.

Ìdàgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín jẹun lánàá, ara rẹ̀ sì ti sọ oúnjẹ náà di ẹ̀jẹ̀, egungun, irun àti èékánná. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń kọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ohun abẹ̀mí tí a mọ̀, láti orí èyí tí ojú lásán kò lè rí títí dé orí erin, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fún sẹ́ẹ̀lì lórúkọ yìí ní 1665, nígbà tó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo èèpo igi kan, tó rí àwọn yàrá tóótòòtó tó tò léra wọn. Iná kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan. Tí ọmọ yín bá fara gé, ojú egbò á jinná fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá gé àbẹ́là, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí.

Ní ti pé nǹkan ń ta iná lára torí pé ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí atẹ́gùn bá fẹ́, bébà náà ń tẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì í dáadáa ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti mímí, torí ibẹ̀ ni ọmọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ní oṣù Ògúst 1771, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Priestley gbé àbẹ́là sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ títí àbẹ́là náà fi kú. Ó gbé ewéko mint sínú afẹ́fẹ́ kan náà. Nígbà tó dán an wò lẹ́yìn ọjọ́ 10, àbẹ́là tún lè jó nínú rẹ̀. Ó tún rí i pé afẹ́fẹ́ tí kò gba àbẹ́là mọ́ kò gba eku pẹ̀lú, àti pé èyí tí ewéko ti tún ṣe gba àwọn méjèèjì. Ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà, Antoine Lavoisier àti Pierre-Simon Laplace ní Faransé gbé ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní guinea pig sínú àpótí tí yìnyín yí ká. Wọ́n wọn omi tó yọ́ lára yìnyín, kí wọ́n lè mọ bí ooru ara ẹranko náà ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì fi í wé èédú tó ń jó. Ohun tí wọ́n rí ni pé mímí jẹ́ irú jíjó kan, jíjó tó rọra ń lọ.

Ẹ lè fi èyí han ọmọ yín lórí tábìlì. Kó mí sára dígí tó tutù, ìrì á hù lójú dígí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín dorí ife onígíláàsì gbígbẹ kodò sókè iná àbẹ́là fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tètè gbé e kúrò. Ìrì á hù nínú ife náà. Omi ni lápá méjèèjì. Kò sí omi nínú àbẹ́là tẹ́lẹ̀. Háídrójìn tó wà nínú ọ̀rá àbẹ́là ló so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó di omi, nígbà tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ so mọ́ ọ́síjìn tó di kábọ́ọ̀nù daọ́ksáìdì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ nínú ara wa gan-an nìyẹn. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Nínú èyí tí à ń mí síta, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 16. (Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ́ ọmọ pé àbẹ́là tí a bá dé mọ́lẹ̀ máa ń lo ọ́síjìn tán pátápátá kó tó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń kú nígbà tí èyí tó pọ̀ ṣì kù níbẹ̀.)

Kí wá ni ìyàtọ̀? Ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Iná kò lè sọ pé òun yó. Yóò jó ohun tó bá rí, bó ṣe rí i, títí yóò fi tán tàbí títí afẹ́fẹ́ yóò fi dínkù. Ara ń pín jíjó náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń lo èyí tó nílò, ó ń kó ìyókù pamọ́ bí ọ̀rá, ó sì ń ṣọ́ ooru rẹ̀ kó má kúrò ní sàkáání 37°C, ì báà ṣe ọ̀sán gangan tàbí òru tútù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó nǹkan bí wáàtì 100 síta, bíi ti gílóòbù àtijọ́ onírin gbígbóná kan, síbẹ̀ kò jóná. Inú mi máa ń dùn tí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ, tí wọ́n sì fọwọ́ kan iwájú orí ara wọn láti mọ ooru náà.

Ó ku ìbéèrè kejì, èyí tó dá ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì jàre díẹ̀díẹ̀. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ jẹ́ kó jó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín wò ó láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ọ̀rá líle wà nísàlẹ̀. Adágún kékeré wà ní ìdí òwú, ọ̀rá kan náà ló yọ́ di olómi. Òwú ń fa olómi náà sókè, ooru sì ń sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì yìí ló sì ń jó. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbà yín gbọ́, ẹ fẹ́ àbẹ́là náà pa, ẹ ó rí èéfín funfun tó ń gòkè lára òwú. Ẹ tètè gbé ìṣáná tó ń jó bọ inú èéfín yẹn, láìfi kan òwú. Iná yóò fò gba inú èéfín náà padà sórí òwú. Èéfín yẹn ni ọ̀rá tí kò tíì jó. (Àgbàlagbà ni kó di ìṣáná mú, kí omi sì wà nítòsí.) Lójú kan náà, ọmọ yín ti rí ohun líle, ohun olómi àti gáàsì.

Nítorí náà, gáàsì gbígbóná ló pọ̀ jù nínú ohun tí bàbá rẹ̀ rí, pẹ̀lú èérún kábọ́ọ̀nù wínníwínní tó gbóná débi pé ó ń tàn. Òun ló ń fún iná àbẹ́là ní àwọ̀ tó pọ́n yẹn, òun náà ló sì ń dúdú lára ṣíbí tí ẹ bá gbé sínú iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí nǹkan: iná fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ni pé, à ń pe ti iná ní jíjó, à ń pe ti oníjó náà ní jíjó. Ẹ lè gbé oníjó sórí òṣùwọ̀n, ẹ ò lè gbé ijó sí i. Ọ̀rá àbẹ́là ní ìwọ̀n, ọ́síjìn ní ìwọ̀n, omi àti kábọ́ọ̀nù daọ́ksáìdì tó jáde ní ìwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru tó ń jáde bí wọ́n ṣe ń jó, agbára nìyẹn. Kò gba àyè bí òkúta tàbí omi ṣe ń gbà á.

Tó bá bi yín pé níbo ni agbára náà ti wá, ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ oòrùn ni. Àbẹ́là tó pọ̀ jù lóde òní, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí ọ̀rá rẹ̀. Epo rọ̀bì sì wá láti ara àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó gbé inú òkun ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún sẹ́yìn, tí agbára oòrùn ń bọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lórí tábìlì yín ti wà nípamọ́ látìgbà náà.

Bí iná bá ti yé e, ẹ fi òdìkejì rẹ̀ hàn án, torí ó dá mi lójú pé ó máa fara hàn nínú iṣẹ́ àṣetiléwá tó kàn: hóró gbígbẹ. Kì í rìn, kì í dàgbà, kò sí ẹni tó rí i kó jẹun, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń kọ ọ́ sábẹ́ aláìlẹ́mìí. Ní 2005, wọ́n gbin hóró ọ̀pẹ dàbínù kan tí wọ́n hú jáde ní Masada ní Ísírẹ́lì, tó ti tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún (2,000), ó sì hù. Ẹ mú hóró ẹ̀wà mẹ́wàá. Ẹ se márùn-ún fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tutù. Ẹ tẹ́ òwú tútù sínú àwo méjì, ẹ kó àwọn tí ẹ sè sí ọ̀kan, ẹ kó àwọn yòókù sí ìkejì, kí ẹ máa wọ́n omi sí wọn lójoojúmọ́. Kí ọmọ yín kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ lóròòwúrọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwo méjèèjì yóò jọra lójú rẹ̀. Tó bá máa fi di bí ọjọ́ kẹrin, gbòǹgbò funfun ti máa ń yọ nínú ọ̀kan, èkejì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.