Káàdì mi dára: ìgbà wo ni kí n dá owó lílé dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ ta limit hold'em, póòkà tí iye owó ìfisílẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, níbí ní Los Angeles, lórí tábìlì dọ́là 4 àti 8: 4 fún ìpele méjì àkọ́kọ́, 8 fún méjì tó kẹ́yìn. Ní Sátidé tó kọjá, mo mú 8 méjì, ìkan club, ìkan heart. Mo lé owó, ìyẹn ni pé mo fi kún un, sí dọ́là 8, ẹni tó wà ní big blind (ẹni tó gbọ́dọ̀ fi owó sílẹ̀ kó tó rí káàdì) nìkan ló bá mi san án. Flop, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò, gbé king spade, 8 diamond àti 4 spade jáde. Ó kan tábìlì, ìyẹn ni pé kò fi owó sílẹ̀, mo fi 4 sílẹ̀, ó san án. Turn, káàdì kẹrin: jack spade. Ó tún kan tábìlì, mo fi 8 sílẹ̀, ó lé e, mo lé e, ó tún lé e, mo wá san. River, káàdì karùn-ún tó kẹ́yìn: 2 club. Ó fi 8 sílẹ̀, mo lé e, ó lé e, mo lé e, ó tún lé e, mo san. Ló bá ṣí ace spade àti 10 spade: flush, spade márùn-ún, tó ju 8 mẹ́ta lọ. Dọ́là 84 lọ báyẹn. 8 mẹ́ta nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n! Ṣé irú káàdì bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìnáwó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tù ọ́ nínú: nínú dọ́là 84 yẹn, 32 péré ni àṣìṣe. Èmi náà ì bá pàdánù 52 tó kù, mi ò sì ní yí ojú padà.

Lórí flop, 8 mẹ́ta rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gbogbo nǹkan tí ọ̀gbẹ́ni yẹn lè mú lọ. King méjì nìkan ló lè jù ú, ẹni tó bá sì mú king méjì kì í sábà dákẹ́ kí flop tó jáde. Ká ní 3 club ló jáde lórí turn, mo ní kí o máa lé e lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Jack spade ló yí ọ̀rọ̀ padà. 8 mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ipò tó wà tẹ́lẹ̀ kọ́ ló wà mọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé mo máa ń gbàgbé káàdì ọwọ́ mi, kí n wá ka ti ẹni tó jókòó níwájú mi. Nígbà tó kọ́kọ́ lé owó lórí turn, kí ló lè mú? Ó lè mú king pẹ̀lú jack: king mẹ́ta ló kù, jack mẹ́ta ló kù, ọ̀nà 9 nìyẹn. Ó lè mú 4 méjì, ọ̀nà 3. Ó lè mú king pẹ̀lú ace spade, tó ń retí spade kan sí i, ọ̀nà 3 náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15 tí ìwọ jù. Ní ti flush, spade mẹ́wàá ni a kò tíì rí. Ace spade pẹ̀lú èyíkéyìí nínú mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ ọ̀nà 9. Fi mẹ́fà kún un fún àwọn bíi queen-10, 10-9 àti 8-7 tí èèyàn máa ń fi owó sí: 15 náà nìyẹn. Ọgbọọgba ni. Tó bá sì jẹ́ flush ló mú lóòótọ́, káàdì 10 nínú 46 tí o kò rí lè sọ tìrẹ di full house (mẹ́ta oníye kan pẹ̀lú méjì oníye mìíràn) tàbí 8 mẹ́rin, tó ju flush lọ. Ìdí nìyẹn tí owó tí o tún lé lórí turn fi dára. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Wàyí o, ó tún lé e. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó mú king àti jack ti fura nígbà tí o dá a lóhùn. Yóò san owó, yóò sì máa wojú rẹ. Ẹni tó ń retí spade náà á sinmi. Nínú 15 rẹ, 4 méjì nìkan ló ṣẹ́ kù, ọ̀nà 3. Flush 15 ṣì wà ní pípé. Àsìkò yẹn gan-an ni mò ń pè ní ibi ìdúró. O dúró lóòótọ́, o san án. Inú mi dùn sí ọ títí mo fi ka ohun tí o ṣe lórí river.

Lórí river, káàdì mẹ́wàá tó lè gbà ọ́ kò sí mọ́. Ó fi 8 sílẹ̀. Wò ó: tí o bá lé e, tí ìwọ lo borí, yóò fi 8 kún un, èrè rẹ nìyẹn. Tí òun ló borí, yóò tún lé e, wàá sì san, 16 ti lọ. Ẹni tó ń fi 16 wá 8 gbọ́dọ̀ máa borí nígbà méjì nínú mẹ́ta kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Ìwọ ní 3 nínú 18. Ẹni tó sì mú ace spade kò ní ìdí kankan láti dúró, nítorí kò sí káàdì tó lè jù ú lórí tábìlì yẹn. Bí o bá ní kẹ́ ẹ máa lé e títí di àárọ̀, á bá ọ débẹ̀.

Má wá tìtorí èyí ju káàdì sílẹ̀ o. Àṣìṣe tó ju tìrẹ lọ nìyẹn, èmi náà ṣe é fún bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí flush kan nà mí. Owó tó wà láàárín tábìlì nígbà tó fi 8 sílẹ̀ jẹ́ 98, pẹ̀lú dọ́là 2 tí small blind (ẹni tó fi owó dandan tó kéré sílẹ̀) ti fi sílẹ̀ kó tó ju káàdì rẹ̀ nù. Bí o bá san 8, tí o pàdánù lẹ́ẹ̀mejìlá, 96 lọ. Bí o bá borí lẹ́ẹ̀kan péré, 98 wọlé. 3 nínú 18 ju ìyẹn lọ dáadáa. Nítorí náà, san án, kí o wo káàdì rẹ̀, kí o kí i.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí irú ẹni tó jókòó síwájú rẹ. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń mu kọfí, tí kò tíì lé owó láti wákàtí méjì, tó bá lé e lẹ́ẹ̀kan péré, èmi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣe. Ọmọkùnrin tó ń fi king kan ṣoṣo lé owó bí ẹni ń lé adìyẹ, lé e padà. King àti jack rẹ̀ ṣì wà nínú ohun tí ò ń kà. O kò sọ irú èyí tí tìẹ jẹ́ fún mi, mo wá mú un bí èèyàn lásán.

Nǹkan kan kù. Ní ọ̀pọ̀ ilé káàdì ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣì wà nídìí owó, wọ́n á fi owó sílẹ̀, wọ́n á lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán. Ilé mìíràn gba ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tó bá ku ẹni méjì, ọ̀pọ̀ wọn kì í dí yín lọ́nà mọ́. Ó dájú pé irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí ilé ẹlẹ́ẹ̀mẹ́rin lo wà ní Sátidé, torí owó yẹn kọjá ibi tí ìdíwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta ì bá ti dá yín dúró. Kí o tó jókòó nígbà mìíràn, bi ẹni tó ń pín káàdì bóyá òpin wà nígbà tó bá ku ẹni méjì.