Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òwú àti ìgò omi gbígbóná kọ́ ló ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ 33 ni mo bí ọmọkùnrin mi. Kìlógíráàmù 1.8 ni nígbà tí wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ara rẹ̀ kì í pẹ́ tutù. Ìyá ọkọ mi ní ká fi òwú wé e látorí dé ẹsẹ̀, ká to ìgò omi gbígbóná yí i ká, ká sì máa fún un ní omi ṣúgà àti àgbo díẹ̀ kó lè tètè sanra. Ọ̀nà àdáyébá wù mí ju oògùn òyìnbó lọ. Èwo ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó dára nínú wọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú ìyá ọkọ yín sọ ọ́, nítorí náà ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ìgò yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kí ẹ tó ka ìyókù.

Irú ìbéèrè yìí kì í tán, orí ọ̀rọ̀ ooru ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń dá lé, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru tí ara bá pèsè ló ń há mọ́ra kó má bàa tètè sá lọ. Bí òtútù bá mú àgbàlagbà, á gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á sì mú ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ tuntun kì í lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kan tó wà láàárín èjìká, lọ́rùn àti lẹ́bàá kíndìnrín ni ara rẹ̀ máa ń jó láti fi rí ooru, àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn oyún ni ọ̀rá yìí sì ń pọ̀ sí i. Ọmọ tó jáde ní ọ̀sẹ̀ 33 kò tíì gbà á tó. (Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ oṣù méje ń yè ju ti oṣù mẹ́jọ lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá lò sí i nínú oyún ló ń fún un lágbára.) Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, orí rẹ̀ sì tóbi tí a bá fi wé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru púpọ̀ ń gbà jáde. Tí ẹ bá fi òwú wé e nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù, òtútù náà lẹ wé mọ́ ọn.

Bí òtútù bá ń mú un, á máa jó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà á lọ sílẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, kò ní lè fa ọmú, àìfa ọmú á sì tún mú un tutù sí i. Báyìí ni ọmọ tó dá ṣáṣá láàárọ̀ ṣe ń rọ jọ̀wọ̀lọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ìgò omi gbígbóná ńkọ́? Omi tí ọwọ́ yín gbà lè bó awọ ọmọ yìí. Tí omi náà bá sì tutù lóru nígbà tí gbogbo ilé ń sùn, ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara rẹ̀. Ẹ má gbé èédú tó ń jó sínú yàrá rẹ̀ náà o. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn.

Ọ̀nà àdáyébá tó ṣiṣẹ́ ni àyà yín. Ìtọ́jú kangaroo ni wọ́n ń pè é, torí ẹranko kangaroo máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Dókítà Edgar Rey Sanabria ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílùú Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ ínkúbétọ̀ tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru kò tó. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ìtọ́jú tálákà, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń bí mi nínú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe ìwádìí ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tanzania, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2021. Àwọn ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù 1.8 ni wọ́n wò. Nínú 100 tí wọ́n gbé lé àyà láìpẹ́ tí wọ́n bí wọn, 12 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kó ku fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti pámpásì. Ẹ̀yin náà ẹ bọ́ kọ́mú. Ẹ gbé e ró sáàárín ọmú méjèèjì kí awọ kan awọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà kó sì ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àgbọ̀n gbé sókè díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí gan-an: bí àgbọ̀n bá wó lé àyà, ọ̀nà èémí á dí, ọmọ á sì dákẹ́ láìké. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀já gbà á mọ́ra. Kí etí ọ̀já lókè dé ìsàlẹ̀ etí rẹ̀, kó le lórí àyà, kó sì dẹ̀ níkùn, torí ikùn ló fi ń mí. Ẹ wọ ẹ̀wù yín lé e.

Ẹ má ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ti ṣe é. Ó kéré tán, kó lo wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́ ni WHO ní ká lò. Bó bá rẹ̀ yín, kí bàbá rẹ̀ gbà á, kí ìyá ọkọ yín náà gbà á. Lóru, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn yín ró, ẹ má sùn gbalaja. Ẹni tó mutí tàbí tó lo oògùn oorun kò gbọ́dọ̀ gbé e sùn. Ẹ máa ṣe é títí á fi tó kìlógíráàmù 2.5, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ á fi máa jà kó lè bọ́ sílẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara, ẹ fi sí abíyá rẹ̀. 36.5 sí 37.5 lórí ìwọ̀n Celsius ló dára. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sáyà, ẹ fún un lọ́mú, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan.

Ní ti oúnjẹ: omi ọmú nìkan. Ikùn rẹ̀ kéré. Ibi tí omi ṣúgà tàbí àgbo bá gbà, omi ọmú kò ní ráyè níbẹ̀ mọ́. Ìfun rẹ̀ kò tíì gbó, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè palẹ̀ oje ewé mọ́. Oyin pàápàá, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Ẹ jí i mu ọmú ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Bí fífà bá ń rẹ̀ ẹ́, ẹ fún omi ọmú sínú ife kékeré tó mọ́, ẹ gbé e jókòó, kí ẹnu ife kan ètè ìsàlẹ̀, kó máa lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Bó bá ń mu dáadáa, á máa fi nǹkan bí gíráàmù 25 sí 30 kún lójúmọ́.

Oògùn òyìnbó tí ẹ ní kò wù yín ńkọ́? Bí ọsibítù bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń kán, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú irin inú ẹ̀jẹ̀ jọ, tiyín kò sì lò ó pé. N kò lè sọ iye ẹ̀kán fún yín níbí, torí n kò rí fáìlì rẹ̀. Ẹ má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀. Ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, kí ojú wọn sì pọ́n wẹ̀.

Bó bá kọ ọmú, tó ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí èémí rẹ̀ ń dúró, tí gìrì mú un, tí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, tí ooru ara rẹ̀ kọjá 37.5, tó wà lábẹ́ 35.5, tàbí tí kò gòkè lẹ́yìn wákàtí kan lórí àyà, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ má sì fi oòrùn yá a. Ọsibítù ni. Lójú ọ̀nà pàápàá, orí àyà ni kó wà, kí ẹ máa wo ẹnu àti imú rẹ̀.