Ta ni ó ni ọkọ̀ òkun Baychimo rí?

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ ni ín. Ọdún 1914 ni wọ́n kàn án ní Gothenburg, ní ilẹ̀ Swídìn, fún ilé-iṣẹ́ kan ní Hamburg. Ångermanelfven lorúkọ rẹ̀ nígbà náà (ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ fẹ́ pè é). Lẹ́yìn tí Jámánì fìdí rẹmi nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn ogun. Hudson's Bay Company, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣòwò awọ ẹranko ní Kánádà, gbà á ní 1921, wọ́n sì sọ ọ́ ní Baychimo. Ó ń gbé oúnjẹ àti ẹrù lọ fún àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ní àríwá Kánádà, ó sì ń kó awọ ẹranko onírun bọ̀.

Ibi tó parí sí gan-an ló ya ni lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá 1931, yìnyín há a mọ́ nítòsí Alaska. Àwọn kan lára àwọn atukọ̀ kọ́ ahéré pákó sí etíkun láti máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, ìjì líle jà. Nígbà tó rọlẹ̀, ọkọ̀ ti pòórá. Wọ́n ní ó ti rì ni. Àṣé ó kàn ṣí lọ: ọdẹ kan rí i ní nǹkan bíi máìlì 45 síbẹ̀. Wọ́n lọ kó awọ tó níye lórí jù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Látìgbà náà kò ní ọ̀gá mọ́. Àwọn èèyàn ṣáà ń rí i lórí omi, kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, títí di 1969 tí wọ́n rí i kẹ́yìn nínú yìnyín.