Èsì: Ṣé yìnyín Greenland máa dá Gulf Stream dúró?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé yìnyín Greenland tó ń yọ́ máa dá Gulf Stream, omi òkun gbígbóná tó ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ Amẹ́ríkà lọ sí apá Yúróòpù, dúró kí Yúróòpù wá di fíríìsà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Atẹ́gùn ló ń ti Gulf Stream jù, pẹ̀lú bí ayé ṣe ń yí, kò síbi tó ń lọ jàre. Èyí tí àwọn sáyẹ́ǹtíìsì ń bẹ̀rù gan-an ni AMOC, ìyẹn bí omi òkun Atlantic ṣe ń yípo: omi gbígbóná á lọ sí àríwá Atlantic, á tutù níbẹ̀, á wúwo torí iyọ̀ inú ẹ̀, á wá rì, á gba ìsàlẹ̀ òkun padà sí gúúsù, ṣùgbọ́n omi yìnyín ò níyọ̀, tó bá ti pọ̀ jù níbẹ̀ omi yẹn ò ní rì dáadáa mọ́. Ìyẹn yé mi. Ọjọ́ tí àwọn kan ń dá pé AMOC máa dúró ni mi ò gbà, torí 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹ̀rọ sínú òkun Atlantic, ní ìlà 26.5°N lórí máàpù, láti máa wọ̀n ọ́n láìdáwọ́dúró, ó sì ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún. IPCC, ìgbìmọ̀ àjọ UN lórí ìyípadà ojú ọjọ́, fúnra wọn sọ ní 2021 pé ó máa dínkù láàárín ọ̀rúndún yìí, àmọ́ ó jọ pé kò ní dáwọ́ dúró lójijì kí 2100 tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní yìnyín ò yọ́ rárá, ẹ má dá a lóhùn. Wọ́n á máa tọ́ka sí 2014 tí yìnyín orí òkun Antarctica pọ̀ gan-an, ẹ bi wọ́n léèrè 2023 wò, ọdún tó dínkù gan-an.